Ìwé ilé tí a fẹ́ rà ní kí aláwọ̀ dúdú má gbé inú rẹ̀: kí ni ká ṣe sí i?

Arábìnrin wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Los Angeles ló kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti ọkọ mi ń ra ilé kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1940. Nínú àwọn ìwé ilé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, a rí i nínú ọ̀kan pé ẹni tí kì í bá ṣe òyìnbó kò gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ọkọ mi ní ká jáwọ́. Ṣé wọ́n lè fi ìwé yìí lé wa jáde lọ́jọ́ kan? Ṣé a lè ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́? Àbúrò mi tó wà ní Houston ní òun náà rí irú rẹ̀ nínú ìwé ilé òun."

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ilé tuntun, ẹ sì kú ìfaradà ohun tí ẹ kà nínú ìwé yẹn. Kí ọkàn ọkọ yín lè balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí: kò sí ẹni tó lè fi gbólóhùn yẹn lé yín jáde, kò sí adájọ́ kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tó lè gbé ìdájọ́ lé e lórí, kàúńtì yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti yọ ọ́ kúrò lára ilé náà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ibi tí a ó ti fara balẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "pa rẹ́" tí ẹ lò. Àwa Yorùbá a máa wí pé òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà, ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí, lẹ́ẹ̀dì nìkan ló wà. Ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú àkọsílẹ̀ kì í jáde mọ́. Ìwé mìíràn ni wọ́n máa ń kọ lé e lórí. Èmi kò ka èyí sí àbùkù, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ yíyẹ ìwé ilé wò kí onílé tuntun tó sanwó ni mo ń ṣe, irú ìwé tí ẹ rí yìí kò sì ṣàjèjì sí mi. Orúkọ tó máa ń wà lókè rẹ̀ ni Declaration of Restrictions. Kì í ṣe ẹni tó ń ta ilé fún yín ló kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tó tà á fún òun náà. Ilé iṣẹ́ tó ra pápá, tó gé e sí púlọ́ọ̀tì, tó sì la títì sí i, ló kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo púlọ́ọ̀tì náà kó tó ta ẹyọ kan níbẹ̀. Ẹ tún un kà láti òkè. Ẹ ó rí i pé ó kọ́kọ́ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, pé owó ilé tí wọ́n bá kọ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní iye báyìí, pé ilé gbọ́dọ̀ jìnnà sí títì ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ báyìí, pé wọn kò gbọ́dọ̀ sin adìyẹ tàbí ewúrẹ́ sẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ adìyẹ ló máa ń kàn wá. Nínú èyí tí mo máa ń rí jù, ohun tí wọ́n kọ ni pé ẹnikẹ́ni tí kì í bá ṣe ẹ̀yà Caucasian, ìyẹn òyìnbó aláwọ̀ funfun, kò gbọ́dọ̀ lo ilẹ̀ náà tàbí kó gbé orí rẹ̀, àfi ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá onílé gbé. Tàpíwírítà kan náà, yíǹkì kan náà, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ti adìyẹ. Mo ti ka irú rẹ̀ títí tí mi ò mọ iye mọ́, síbẹ̀ ibi tí wọ́n fi wá sí yẹn ló máa ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí àdéhùn tí àwọn tó buwọ́ lù ú ti kú tipẹ́ ṣì ń tẹ̀ lé ilé kiri. Nínú òfin ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà jogún lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlú Ọba, irú àdéhùn yìí kì í ṣe ti ẹni tó buwọ́ lù ú nìkan. Ara ilẹ̀ ló so mọ́, ó sì ń bá ilẹ̀ lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rà á. Gbogbo ẹni tó bá ní púlọ́ọ̀tì níbi kan náà ló sì lè pe ẹni tó bá rú u lẹ́jọ́. Nítorí náà, tí òyìnbó kan bá ta ilé fún aláwọ̀ dúdú láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ dé. Aládùúgbò mẹ́ta mẹ́rin ni yóò kóra jọ, wọn yóò gba lọ́yà, adájọ́ yóò sì pàṣẹ pé kí ẹni tó ra ilé jáde nínú ohun tó fi owó ara rẹ̀ rà.

Ìdí tí wọ́n fi gba ọ̀nà àdéhùn ni pé ọ̀nà ti ìjọba ti dí mọ́ wọn lójú. Ní ọdún 1917, nínú ẹjọ́ Buchanan àti Warley tó wá láti ìlú Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìjọba ìlú kò ní àṣẹ láti ṣòfin pé àdúgbò yìí ti funfun, tọ̀hún ti dúdú. Ọdún 1917 yẹn náà, ẹ jọ̀wọ́, ni Lugard gbé Township Ordinance jáde ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ya ibi tí òyìnbó ń gbé sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú àlàfo 440 yáàdì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí láàárín; GRA tí a ń fi ń yangàn lónìí, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣẹ̀ wá. Nílé, ìjọba ló fi òfin ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ ní kí ìjọba yọwọ́, àwọn onílẹ̀ sì fi lọ́yà ṣe é. Nígbà tó di 1926, ilé ẹjọ́ kan náà kọ̀ láti dá sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Corrigan àti Buckley láti Washington, D.C.; ó ní ọ̀rọ̀ ẹni sí ẹni ni, kò kan ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà ló ti gbòde.

Ohun tí kò jẹ́ kí ti ilé 1940 yín yà mí lẹ́nu ni ọwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ wá fi bọ̀ ọ́. Ní 1934 wọ́n dá Federal Housing Administration sílẹ̀, àjọ tó ń ṣe onídùúró fún owó tí báǹkì bá yá ènìyàn láti fi ra ilé. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àjọ náà fún àwọn tó ń díye lé ilé ka irú gbólóhùn yìí mọ́ ohun tó ń dáàbò bo iyì àdúgbò. Ilé iṣẹ́ tó bá wá fẹ́ kí báǹkì yá àwọn oníbàárà rẹ̀ lówó ti mọ ohun tó yẹ kó kọ. Ẹni tó gé púlọ́ọ̀tì yín lè má kórìíra ẹnikẹ́ni. Owó ló ń wá, ìjọba sì ti fi ibi tí owó wà hàn án.

Los Angeles tí ẹ wà yìí gan-an ni wọ́n ti ja púpọ̀ nínú ìjà náà. Hattie McDaniel, òṣèré tó gba ẹ̀bùn Oscar ní 1940, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á, ra ilé ńlá kan ní West Adams, níbi tí wọ́n ń pè ní Sugar Hill. Àwọn òyìnbó aládùúgbò kan pe òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn tó wà níbẹ̀ lẹ́jọ́ pé ìwé ilé kò gbà wọ́n láyè. Lọ́yà Loren Miller ló gba ẹjọ́ wọn rò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, adájọ́ Thurmond Clarke da ẹjọ́ náà nù, ó ní ó ti tó àsìkò kí àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ẹ̀tọ́ tí Àtúnṣe Kẹrìnlá sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún wọn. Ẹ sì wò ó: obìnrin tó fi ipa ọmọ ọ̀dọ̀ gba Oscar, ipa yẹn nìkan náà ni ìwé ilé fẹ́ kó kó nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ rà.

Ìdájọ́ tó wá kárí gbogbo ilẹ̀ náà ni ti Shelley àti Kraemer. Tọkọtaya Shelley, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ra ilé kan ní òpópónà Labadie ní ìlú St. Louis ní 1945, láìmọ̀ pé àdéhùn kan láti 1911 wà lórí rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pẹ̀lú irú rẹ̀ láti Detroit, èyí tí lọ́yà aláwọ̀ dúdú náà, Thurgood Marshall, wà lára àwọn tó rò ó. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1948, adájọ́ mẹ́fà fẹnu kò láti dá tọkọtaya Shelley láre. Àwọn mẹ́ta yòókù kò jókòó sí ẹjọ́ náà, wọn kò sì sọ ìdí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé ìwé ilé tiwọn náà ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí ìdájọ́ yẹn sọ, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ẹ̀rù ọkọ yín wà. Kò sọ pé kíkọ ọ́ lòdì sófin. Ohun tó sọ ni pé tí adájọ́ bá pàṣẹ kí a tẹ̀ lé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ìjọba ló ń ya ẹ̀yà sọ́tọ̀ yẹn, ìwé òfin sì kọ̀ fún ìjọba láti ṣe é. Ìwé náà wá di ajá tí eyín rẹ̀ ti ká tán, tó ṣì ń gbó. Àwọn kan ṣì ń kọ ọ́ sínú ìwé ilé tuntun lẹ́yìn 1948. Àwọn mìíràn tún dá ọgbọ́n mìíràn, pé tí a kò bá lè lé aláwọ̀ dúdú tó ra ilé, ká gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ òyìnbó tó tà á fún un. Los Angeles náà ni ẹjọ́ yẹn ti wá, Barrows àti Jackson, Loren Miller náà ló sì dúró fún obìnrin tó ta ilé. Ilé ẹjọ́ di ihò yẹn ní 1953. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1968, Fair Housing Act sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin kí ẹnikẹ́ni kọ̀ láti ta ilé fún ènìyàn nítorí ẹ̀yà rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ó lé ni ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ti kú, kí ẹ tó gbọ́ orúkọ àdúgbò náà rárá.

Nísinsìnyí, ohun tí ẹ ó ṣe. Ní California, orúkọ fọ́ọ̀mù náà ni Restrictive Covenant Modification. Ẹni tó ti ni ilé lè fi í sílẹ̀, ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ bíi tiyín náà lè fi í sílẹ̀. Kò di ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní AB 1466, tí ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2022, tún sọ pé tí ilé iṣẹ́ title (èyí tó ń yẹ ìwé ilé wò), ti escrow (èyí tó ń di owó àti ìwé mú títí rírà yóò fi parí), tàbí éjẹ́ǹtì tó ń bá yín wá ilé bá mọ̀ pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé, ó gbọ́dọ̀ sọ fún yín, àti pé tí ẹ bá béèrè kí escrow tó parí, ilé iṣẹ́ title tàbí escrow tó ń ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá yín ṣètò fọ́ọ̀mù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu rírà, àsìkò yín rèé. Ẹni tó bá ti ra ilé tán tipẹ́ yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbogbo rẹ̀.

Ẹ mú ìwé tí wọ́n ń pè ní preliminary report, èyí tí ilé iṣẹ́ title fi ránṣẹ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n to àwọn ohun tó so mọ́ ilé sí. Ẹ ó rí nọ́ńbà Declaration yẹn, tàbí nọ́ńbà ìdìpọ̀ àti ti ojú ìwé, nítorí ìwé àtijọ́ ni. Nọ́ńbà yẹn ni kàúńtì yóò fi wá a rí. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ lódindi, ẹ fa ìlà la gbólóhùn tó lòdì sófin náà já, ẹ má sì fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ti rí ẹni tó rọra fa ìlà náà kọjá sórí ọ̀rọ̀ adìyẹ. Fọ́ọ̀mù yìí kò gba adìyẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi í yí ohun mìíràn padà nínú ìwé, òun nìkan ló ni ẹ̀bi ohun tó bá tìdí rẹ̀ yọ.

Ẹ so ẹ̀dà tí ẹ fa ìlà sí mọ́ fọ́ọ̀mù, ẹ buwọ́ lù ú, kó lọ sí ọ́fíìsì Registrar-Recorder ti kàúńtì Los Angeles, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Norwalk. Ọ́fíìsì náà yóò gbé e fún lọ́yà kàúńtì, tó ní oṣù mẹ́ta láti wò ó bóyá lóòótọ́ ni gbólóhùn náà lòdì sófin. Tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀, wọn yóò kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀, wọn yóò sì tò ó bí wọ́n ṣe to ti àkọ́kọ́, kí ẹni tó bá wá ọ̀kan lè bá èkejì pàdé. Láti ìgbà náà lọ, èyí tí ẹ fa ìlà sí ló dúró fún ilé yín, òfin sì kà á sí bí ẹni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ti àkọ́kọ́ ló ti wà bẹ́ẹ̀. Kò sí owó ìkọsílẹ̀ kankan. Nítorí oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ má so ọjọ́ tí ẹ ó gba ilé mọ́ ọn. Ẹ lè kó wọlé, kí fọ́ọ̀mù máa bọ̀ lẹ́yìn. Tí ilé náà bá sì wà lábẹ́ ẹgbẹ́ onílé, èyí tí wọ́n ń pè ní HOA, ìgbìmọ̀ wọn ni òfin California ní kó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́, láìdúró de ìbò ọmọ ẹgbẹ́.

Kàúńtì fúnra rẹ̀ náà ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Òfin 2022 yẹn ló gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́, ó sì fàyè gbà wọ́n láti fi dọ́là 2 lé owó ìkọsílẹ̀ àwọn ìwé ilẹ̀ mìíràn láti fi ṣe é. Ìwé ilé ń lọ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù ní kàúńtì tó tóbi tó tiyín. Tí ẹ bá fẹ́ kí tiyín yá, ẹ ṣe é fúnra yín. Ohun kan kù níbí: lẹ́yìn tí ẹ bá ra ilé tán, lẹ́tà tó jọ ti ìjọba yóò máa wá sílé yín, pé ẹ san owó kí àwọn lè bá yín gba ẹ̀dà ìwé ilé tàbí kí àwọn bá yín tún un ṣe. Inú pàǹtí ni kí ẹ sọ ọ́ sí.

Ní ti àbúrò yín ní Houston, òfin Texas yàtọ̀. Láti 2021, onílé lè kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ẹjọ́ district ní kàúńtì tí ilé rẹ̀ wà, láìsan owó. Adájọ́ lè ka ìwé náà nìkan kó sì pàṣẹ láìpe ẹnikẹ́ni síwájú, wọ́n á wá kọ àṣẹ náà sínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Virginia ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ tí onílé ń fi sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni. Ní Minnesota, níbi tí òfin ti fàyè gbà á láti 2019, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Just Deeds ní àwọn lọ́yà tó ń bá onílé ṣe é láìgbowó.

Mo ṣèlérí pé mo máa sọ ìdí tí inú mi fi dùn pé kò sí ìrésà ní ọ́fíìsì kàúńtì. Ní University of Minnesota, láti 2016, àwọn kan tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Mapping Prejudice kó ará ìlú jọ láti máa ka ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ya ibi tí gbólóhùn yìí wà sórí máàpù. Ní ìlú Minneapolis nìkan, wọ́n rí iye tó lé ní 8,000. Ìpínlẹ̀ Washington náà ní kí yunifásítì méjì wá tirẹ̀ jáde ní 2021. Ní 2023, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣòfin: dọ́là 100 lórí ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ń lọ sínú àpò tí wọ́n fi ń ran àwọn tí irú ìwé yìí ti ilẹ̀kùn mọ́ lọ́wọ́ láti ra ilé, àwọn tó ti ń gbé ìpínlẹ̀ náà ṣáájú oṣù Kẹrin ọdún 1968, àti àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti pa àwọn ìwé náà rẹ́, kí ni wọn ì bá fi ṣe ẹ̀rí? Àwa tí a fi bàálù dé lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí kò sí nínú àwọn tí owó yẹn wà fún, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba àwọn tí wọ́n ń fún ló ja ìjà tí a fi ń ra ilé ní West Adams láìbẹ ẹnikẹ́ni. Mo mọ àwọn onílé aláwọ̀ dúdú tó kọ̀ láti fa ìlà kankan sórí tiwọn, tí wọ́n ní kí ó wà níbẹ̀ kí àwọn ọmọ lè kà á. N kò bá wọn jà. Ní tèmi, ẹ fa ìlà náà, nítorí kò sí ìdí tí ẹni tó bá ra ilé lọ́wọ́ yín lọ́la yóò tún fi ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ sanwó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fà á, ẹ ṣe ẹ̀dà ojú ìwé yẹn kan bó ṣe wà, kí ẹ fi sínú fáìlì ilé.

Kí ọkọ yín má jáwọ́ nítorí gbólóhùn 1940. Tó bá fẹ́ ìdí tí a fi lè jáwọ́ nínú ilé, preliminary report yẹn náà ni kó padà sí, ṣùgbọ́n kó wo àwọn ìlà yòókù: owó orí ilé tí wọn kò tíì san, gbèsè tí ẹlòmíràn fi dè é mọ́lẹ̀, ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ iná tàbí ti omi ní àṣẹ láti gbà kọjá lẹ́yìnkùlé. Àwọn wọ̀nyẹn ṣì ní eyín. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ escrow yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi nọ́ńbà Declaration náà sínú rẹ̀, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín ṣètò fọ́ọ̀mù náà kí escrow tó parí, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ.